Òtútù Kọ́ Ló Ń Pa Ọ̀pẹ

Mo ti pinnu pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí n kò lè gbé mì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé ní Manchester, wá kí mi nílé. Ó rí igi tó wà lẹ́yìnkùlé mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pẹ kì í gbé ilẹ̀ òtútù. Ó ní bí èyí bá tilẹ̀ yè, ọ̀pẹ òyìnbó lásán ni, kò lépo, kò lẹ́mu, kò lọ́wọ̀. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà nítorí pé àlejò ni. Èsì rẹ̀ nìyí.

Orúkọ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé ọ̀pẹ òyìnbó ti ní olówó. Èso dídùn tí a ń bó èèpo rẹ̀, tí a ń gé wẹ́wẹ́ jẹ, ni a ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì bá ọ̀pẹ tan rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ìlú Torquay, létí òkun gúúsù ilẹ̀ wọn, igi tí wọ́n fi ń yangàn pé ọ̀pẹ làwọn ní lójú títì, Cordyline australis ni, igi ilẹ̀ New Zealand tí kì í ṣe ọ̀pẹ. Nígbà tí òtútù burúkú oṣù kejìlá ọdún 2010 pa ọ̀pọ̀ nínú wọn káàkiri ilẹ̀ náà, ariwo ta pé ọ̀pẹ ti kú. Ohun tí ẹlòmíràn jẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pẹ lọ́rùn.

Igi tèmi, Trachycarpus fortunei ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ọmọ òyìnbó. Àwọn òkè ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ni orírun rẹ̀, ó sì ti pẹ́ ní Jàpáànù pẹ̀lú. Ní 1830, Philipp Franz von Siebold, oníṣègùn ọmọ Jámánì, fi èso rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jàpáànù sí Leiden ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ní 1849, Robert Fortune, ọmọ Scotland, fi àwọn kan ránṣẹ́ láti Ṣáínà sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n gbìn sí Osborne, ààfin Ọbabìnrin Victoria ní erékùṣù Wight, ní 1851. Igi tí wọ́n ti mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní ọdún 170 ni ọ̀rẹ́ mi ní kò lè gbé ibẹ̀! Ní gúúsù Swítsálándì ńkọ́? Níbẹ̀, ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó débi pé ìjọba fòfin de títà rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ṣé igi tí òtútù ń pa ni a ń fi òfin lé kúrò nínú igbó?

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pè é ní ọ̀pẹ, nígbà tó jẹ́ pé ní èdè wa, ọ̀pẹ ni ọ̀pẹ, àgbọn ni àgbọn, ògùrọ̀ ni ògùrọ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi pàdé Jésù ní Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, igi tó ń so dàbínù ni igi ibẹ̀. Wọ́n ti la ọ̀nà náà fún wa. Ọ̀pẹ abẹ̀bẹ̀ ni èmi ń pè é nítorí ìrísí ewé rẹ̀. Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi náà ti pa ọ̀kan rí. Ẹni tó ta igi àkọ́kọ́ fún mi ló ní kí n fi láílọ́ọ̀nù dì í kí òtútù má baà mú un. Ní oṣù kọkànlá, mo wé e láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni wé gèlè fún ìyàwó tuntun. Nígbà tí mo tú u ní oṣù kẹta, mo di màrìwò àárín mú, ó sì yọ sí mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn bí fùfú tó ti bà jẹ́. Mo pe ìyá mi nílé lórí fóònù. Màmá kò fojú kan ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé kì í ṣe pé omi wọ ọ̀gọ́mọ̀ rẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá gé ẹ̀ka ìrókò, yóò tún rú. Ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka. Orí kan ni Elédùmarè dá mọ́ ọn. Bí ọ̀gọ́mọ̀ bá ti jẹrà, ó parí. Igi yìí tó bá dàgbà lè fara da òtútù tó tó ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti ọdún náà kò sì sún mọ́ ọn. Ọ̀rinrin tí mo sé mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, tí atẹ́gùn kò lè gbẹ, ló pa á. Kì í ṣe pé òjò wọn pọ̀ ju tiwa lọ. Òjò Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Manchester lọ́dún. Ṣùgbọ́n nílé, ooru ń jẹ́ kí igi mu omi, oòrùn sì ń gbẹ èyí tó kù. Ní Manchester, igi a máa sùn ní ìgbà òtútù, omi a sì jókòó tì í lórí àti ní gbòǹgbò.

Nítorí náà, nígbà tí mo ra èkejì, mo ṣe bí àgbẹ̀ oníṣu: mo kọ ebè. Amọ̀ ni ilẹ̀ wa, mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn mọ́ ọn kí omi lè ráyè lọ, n kò sì ri igi náà jìn ju bó ṣe wà nínú ìkòkò rẹ̀. Bí yìnyín bá fẹ́ pọ̀ jù, màá kó àwọn imọ̀ rẹ̀ jọ sókè, màá fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó ń gba atẹ́gùn bò ó fún òru mélòó kan, màá sì tètè ṣí i. Ìgbà òtútù mẹ́sàn-án ló ti rí. Ìjì ń fa ewé rẹ̀ ya, ìyẹn kò pa á. N kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, nítorí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń wà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ẹyìn láti ilé wá gbìn síta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fìyà jẹ igi. Ọ̀pẹ tiwa kì í dàgbà mọ́ bí ìgbóná bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 15, òru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Manchester pàápàá sábà máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà kì í bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá. Ó ní wọn kò lè rí i lò ní ilẹ̀ òtútù. Ọmọbìnrin tèmi, Manchester ni a bí i sí, ó mọ màrìwò yàtọ̀ sí imọ̀, ó mọ ọ̀gọ́mọ̀, nítorí pé ó ń rí wọn láràárọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọwọ̀. Irun tó bo ara igi náà, tó jọ ti èèpo àgbọn, ni àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ṣe okùn àti aṣọ òjò láti ayébáyé, àwọn ará Jàpáànù sì ń fi ṣe ọwọ̀ títí di òní. Èmi náà ti ré díẹ̀ lára tèmi, mo sì ti so ọ̀kan. Kò dọ́gba, ìdì rẹ̀ sì ń tú. Òun ni màá fi gbálẹ̀ de ọmọ Ìjẹ̀bú náà nígbà tó bá tún wá.