Owó Wà Nílẹ̀, Ta Ni Yóò Béèrè?

Bí a bá ní "outreach" nínú ìjọ, gbogbo wa la mọ ohun tó jẹ́. A ó kó ìwé pélébé dání, a ó sì jáde lọ bá àwọn èèyàn níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Barking tàbí ní Heathway. A kì í jókòó sínú ilé ìjọ ká máa retí pé wọn yóò wá bá wa. Àwọn yunifásítì náà ní outreach tiwọn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú àwọn onímọ̀ ìwádìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kó sì mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ yàrá ìwádìí. Kì í ṣe àánú nìkan ló ń ṣe wọ́n. Ní England níbí, yunifásítì tó bá fẹ́ gba owó ilé-ẹ̀kọ́ tó ga jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ètò kan fún Office for Students, kó sọ ohun tí yóò ṣe kí ọmọ ilé tí kò lówó lè wọlé, kó sì yege.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kò pọ̀. Owó wà, àyè sì wà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń já bọ́ sáàárín yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí kò bá sí ẹni tó béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè jẹ́ ẹni náà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Àwọn kan yóò ní, "Sister, dókítà lọmọ mi fẹ́ ṣe, kí ló kàn án pẹ̀lú ìwádìí?" Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Ẹ ti rí ẹ̀rọ kékeré tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń fi há ìka aláìsàn, tó ń tan iná pupa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú awọ kọjá láti fi mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2020, nígbà tí Covid ń jà, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde. Wọ́n rí i pé nígbà mìíràn ẹ̀rọ yìí máa ń sọ pé ọ́síjìn tó, nígbà tí kò tó, àti pé èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ náà sì ti wà ní ìka àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí gbogbo ayé tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tí wọ́n sì ti ń dán an wò, wọ́n lè gbàgbé awọ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa wà ní yàrá ìwádìí pẹ̀lú, kì í ṣe ní wọ́ọ̀dù nìkan.

Ilẹ̀ tí à ń gbé yìí gan-an mọ iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà mọ M&B, àwọn tó ń ṣe paracetamol. May & Baker ni orúkọ náà, Dagenham níbí ni ilé iṣẹ́ wọn sì wà láti 1934. Níbẹ̀ ni Arthur Ewins àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe oògùn M&B 693. Lionel Whitby dán an wò ní Middlesex Hospital, ó sì jáde ní 1938. Òun ni wọ́n fi ń wo òtútù àyà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní nimóníà, kí pẹnisílínì tó dé. Nígbà tí nimóníà dá Winston Churchill dùbúlẹ̀ ní December 1943, òun fúnra rẹ̀ yin M&B. Ní 1944 ni wọ́n dá May & Baker ti Nàìjíríà sílẹ̀. Sanofi ló ni ibùdó Dagenham yìí níkẹyìn, wọ́n sì tì í pa ní 2013. Nígbà tí ó wà, ọmọ àdúgbò lè mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò. Ní báyìí, àwa la ní láti wá wọn lọ.

Bí owó náà ṣe ń rìn

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bí owó ìrànwọ́ Royal Society ṣe rí nìyẹn. Royal Society ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1660. Partnership Grants ni orúkọ owó náà. Ó lè tó £3,000 fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, láti fi ra irinṣẹ́ tí àwọn ọmọ, láti ẹni ọdún 5 sí 18, yóò fi ṣe ìwádìí fúnra wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò lè gbà á, onímọ̀ ìwádìí nìkan kò sì lè gbà á. Tíṣà àti ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò tàbí ẹ̀rọ ní yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jọ béèrè. Ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí lè wà ní àdúgbò wa níbí: bí èéfín ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó lẹ́bàá A13, tàbí irú kòkòrò tó ń gbé inú Odò Roding.

Níbo ló wá ti ń dí? Tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ọgbọ̀n ọmọ nínú kíláàsì kan, ó ní ìwé láti máàkì, ó sì lè má mọ ẹnikẹ́ni ní yunifásítì. Onímọ̀ ìwádìí fẹ́ wá, kò mọ tíṣà tí yóò kọ̀wé sí. Ímeèlì á bọ́ sí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́, á sì sùn síbẹ̀. Ẹni tó ń so ìkángun méjèèjì pọ̀, tó mọ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò parí, tó ń rán ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ létí, òun ni gbogbo rẹ̀ kù sí lọ́wọ́. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbé orúkọ Careers Leader wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí i.

Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn

Ní Whitechapel, Yunifásítì Queen Mary ní Centre of the Cell, tí wọ́n ṣí ní 2009. Inú ilé tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí àìsàn gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, kí ọmọdé lè fojú ara rẹ̀ rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló gbé yín dé ibẹ̀ láti Barking.

CREST Awards ti British Science Association wà fún ọmọ tó ní ìbéèrè tirẹ̀. Bronze ń gba nǹkan bíi wákàtí 10, Silver 30, Gold 70. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ pàápàá lè ṣe é. Fún Year 12, In2scienceUK, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ń fi ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwádìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sutton Trust náà ní ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀fẹ́ ní yunifásítì.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ń fojú tín-ín-rín: ti oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Láti September 2023 ni Mayor London ti ń sanwó oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ práímárì ìjọba láti Year 3 sí Year 6, nítorí náà àwọn kan ní, "Kí ni mo tún ń kọ fọ́ọ̀mù fún?" Ojú sì ń ti àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn ló ń mú Pupil Premium wá fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ju £1,000 lọ lọ́dún lórí ọmọ kan. Orúkọ náà ni ọ̀pọ̀ ètò Year 12 máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ yan ọmọ. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá kéré, ẹ kọ ọ́. Àwọn tí físà wọn kò gba owó ìrànwọ́ ìjọba náà lè béèrè, torí oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ kò sí lára ohun tí físà náà kà léèwọ̀. Ẹ bi ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́

Ẹ rántí Dáníẹ́lì, ọmọ tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ àjèjì, tí wọ́n fi sí ilé-ẹ̀kọ́ ọba. Nígbà tó fẹ́ yí oúnjẹ padà, ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olórí àwọn ìwẹ̀fà. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ọba ń bà á. Dáníẹ́lì kò bínú, kò sì dákẹ́. Ó lọ bá olùtọ́jú wọn, ó ní kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó wá fi ojú wọn wé ti àwọn yòókù. Ẹ wò ó dáadáa: ó ní ìbéèrè, ó ní iye ọjọ́, ó sì ní àwọn tí a ó fi wọ́n wé. Ohun tí à ń ṣe nílé ìwòsàn títí dòní nìyẹn bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú kan ń ṣiṣẹ́. Bí tíṣà kan bá ní kò sí àyè, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ òmíràn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ bíi STEM Ambassador. Ẹ̀yin kò ní san kọ́bọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní san. Ọmọ tó bá rí Anti Bùnmi tàbí Bọ̀dá Táyọ̀ tó mọ̀ ní ìjọ níwájú kíláàsì rẹ̀ kò ní rò pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni sáyẹ́ǹsì.

Kí oṣù yìí tó parí, ẹ kọ ímeèlì kan sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: Yunifásítì wo ló ń bá yín ṣiṣẹ́? Ta ló ń bójú tó o? Ǹjẹ́ ẹ ti béèrè fún Partnership Grant rí? Bí wọn kò bá dáhùn lọ́sẹ̀ méjì, ẹ tún kọ̀wé. Olúwa yóò jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa o. Àmín.