Ẹ wọ́n omi sí sítọ̀ọ̀ kí ẹ tó gbá ìgbẹ́ eku níbẹ̀

Bí àgbàdo tuntun bá fẹ́ wọlé ní ọjà Agoè-Nyivé, gbígbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbá sítọ̀ọ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ. Eruku á sọ lálá, ìgbẹ́ eku á máa yí níwájú ìgbálẹ̀, ẹni tó ń gbá a á sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á fi etí aṣọ nu imú, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, èmi náà gbá irú sítọ̀ọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá kan tó ń ta àgbàdo. Mọ̀ọ́mì ni mo ń pè wọ́n, nítorí ilé wọn ni mo ti ń jẹun nígbà tí mo wà nílé ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, làpálàpá yọ sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mi ò lè búra pé inú sítọ̀ọ̀ yẹn ni mo ti kó o. Àmọ́ ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ eku, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọlọ́jà sọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ eku lọ́jà wa, Lassa ni gbogbo èèyàn máa ń pariwo. Ẹ̀rù náà tọ́. Ní 2016, òṣìṣẹ́ ìlera kan tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà ṣàìsàn ní Mango, lókè ní àríwá Togo. Wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, ó kú síbẹ̀, Lassa ni àyẹ̀wò sì fi hàn. Ṣùgbọ́n eku tún ń gbé nǹkan mìíràn kiri tí a kì í dárúkọ. Ẹ ti rí ohun tó máa ń hù bí òwú sára búrẹ́dì tó bu, tàbí sára ẹ̀pà tí òjò pa? Ìbátan olú ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní olú wẹ́wẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kódà àwọn kan ló ń mú kí búrẹ́dì wú. Àwọn díẹ̀ ló lè gbé lára èèyàn. Irú wọn ló ń fa làpálàpá, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ara eku àti àwọn ẹran kéékèèké ló ti ń wá kan èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní 1942, Chester Emmons ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé òun rí olú wẹ́wẹ́ kan nínú àwọn eku igbó tí wọ́n mú ní aṣálẹ̀ Arizona, èyí tó ń fa ikọ́ àti ibà fún àwọn ará ibẹ̀. Ní 1956, ní Vietnam, wọ́n rí òmíràn nínú eku ńlá kan tó ń gbé inú igbó ọparun. Gabriel Segretain, ọmọ Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1959, ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ gún ara rẹ̀ níka, ni àìsàn eku bá mú ọ̀mọ̀wé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, díẹ̀ ni èèyàn tó tún gbọ́ nípa rẹ̀. Ìgbà tí kòkòrò HIV tàn kálẹ̀ ní Thailand àti gúúsù China, nǹkan kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn rẹpẹtẹ.

Ṣé eku ló ń kó o ran èèyàn ni? Wọn ò tíì rí ẹ̀rí pé láti ara eku ọparun ló ti ń bọ́ sára èèyàn tààrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibì kan náà ni eku àti èèyàn ti ń kó o, ìyẹn inú ilẹ̀. Nítorí náà, mi ò sí lára àwọn tó ń ní kí wọ́n fòfin de òkété àti ọ̀yà, tí àwọn ará Lomé ń pè ní agouti. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ń bó o ni kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Eruku ni ẹjọ́ tèmi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan o. Histoplasma duboisii ni wọ́n ń pe olú wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i jù. Àwọn dókítà ní Lomé ti rí i lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n rí i nínú ilẹ̀ ihò Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí àdán ń ṣu sí. Ó ń ba awọ ara jẹ́, ó ń wọ eegun, ó ń mú kókó ọrùn wú, ó sì lè jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹlòmíràn á máa lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ lóṣooṣù, ara ò ní yá, àwọn ará ilé á ní ayé ló ń bá a jà. Ó dìgbà tí dókítà bá gé ẹran díẹ̀ níbi tó wú, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ béèrè fún un.

Ní ti làpálàpá tèmi, ẹnì kan ta kírímù fún mi lọ́jà, ó ní gbogbo nǹkan ló ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta péré, yíyún lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gùn dé ìgúnpá! Dókítà ló wá ṣàlàyé pé irú oògùn tó máa ń wà nínú kírímù ìbóra ló wà nínú rẹ̀: ó ń mú kí yíyún rọlẹ̀, ó sì ń fún olú wẹ́wẹ́ láyè láti gbilẹ̀.

Kọmúùnù mẹ́fà ló wà ní Agoè-Nyivé, a sì dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ wọn ní 2019. Nínú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ àti ìbomú fún àwọn tó ń gbá sítọ̀ọ̀. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàlàyé fún wa ní Mina, ní Kotokoli, ní Yorùbá. Ìwé tí wọ́n fi Faransé kọ mọ́ ara ògiri, ta ló ń kà á láàárín ẹni tó ru àpò àgbàdo?

Mo ti sọ fún Mọ̀ọ́mì. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogún ọdún làwọn ti ń gbá a báyìí. Ní Sátidé, mo débẹ̀, mo bá garawa omi tí wọ́n da Javel díẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wọ́n ọn káàkiri ilẹ̀, wọ́n ń dúró kó rin dáadáa. Wọ́n ti so gèlè àtijọ́ kan mọ́ imú, wọ́n sì ti lé ọmọ ọmọ wọn jáde kúrò nínú sítọ̀ọ̀.