Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Oníná

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde pé ìrànwọ́ owó tí ìjọba ń ṣe lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Pobè àti Sakété. Epo kpayó, tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè wọlé tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, gbówó lórí gidigidi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní agbègbè Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kan náà: epo tí à ń gbẹ́kẹ̀ lé lè sọ wá sínú gbèsè, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ọ̀nà mìíràn ti ń ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ M Auto, tí ó yí orúkọ padà sí Spiro, gbé alùpùpù oníná wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọkọ̀ oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ti ń fara hàn díẹ̀díẹ̀ lójú pópó ìlú ńlá. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í mu epo, wọn kì í tú èéfín, wọn kì í sì í pariwo. Wọn kò ní púlọ́ọ̀gì tí yóò dọ̀tí, wọn kò ní kabúrétọ̀ tí yóò dí. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kí ó bú wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó ra ọkọ̀ oníná. Ọkọ̀ epo lè sùn síbikíbi tí olè kò ti ní jí i. Ọkọ̀ oníná gbọ́dọ̀ sùn sí ibi tí iná wà. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìní ibi tí yóò ti máa fi iná sí bátìrì rẹ̀, ìdajì ọjà ni ó rà, bí ó tilẹ̀ san owó odidi.

Ẹ wo awakọ̀ sémíjàn kan ní Pobè. Yàrá háyà ni ó ń gbé, nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń lo mítà kan ṣoṣo. Gílóòbù, rédíò àti fáànù ni onílé bá wọn ṣàdéhùn lé lórí. Bí ayálégbé kan bá wá so bátìrì alùpùpù mọ́ iná láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí àwọn yòókù bá ní kí ó dá a san, báwo ni yóò ṣe mọ iye tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an? Ìjà owó iná ti tú ọ̀pọ̀ àgbàlá ká kí alùpùpù oníná tó dé. Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa gílóòbù kò lè gbé ẹrù wúwo. Yóò gbóná, ó sì lè dá iná sílẹ̀ lóru nígbà tí àwọn ọmọdé ń sùn.

Ti ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tún le ju èyí lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹyọ iná tí mítà ń kà ni kilowatt-wákàtí. Bátìrì ọkọ̀ kékeré kan lè gba ẹyọ 40, ọkọ̀ náà yóò sì lò tó ẹyọ 15 sí 20 láti rin 100 kìlómítà. Ojú iná lásán tí ó wà lára ògiri ilé, tí a bá lò ó níwọ̀nba, kò lè fúnni ju nǹkan bí ẹyọ méjì lọ ní wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé bátìrì tí ó gbẹ yóò lo nǹkan bí wákàtí 18 sí 20 kí ó tó kún. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà, ọkọ̀ kò ní ṣe tán fún ọjà ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, tí ó ní mítà tirẹ̀, tí ó sì lè gbé ọkọ̀ wọ inú ọgbà, lè fara dà á. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn lẹ́bàá títì kò lè fa wáyà kọjá ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà.

Àwọn kan yóò sọ pé ibi ìpààrọ̀ bátìrì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìdáhùn gidi ni lóòótọ́. Awakọ̀ á dé, á gbé bátìrì tí ó gbẹ kalẹ̀, á gbé èyí tí ó kún, á sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ìlú Kigali ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, ilé-iṣẹ́ Ampersand ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2019. Ó dára fún ẹni tí kò ní iná nílé. Ṣùgbọ́n nínú ètò yìí, awakọ̀ ni ó ni alùpùpù, ilé-iṣẹ́ ni ó ni bátìrì. Bí ibi ìpààrọ̀ bá ti ilẹ̀kùn, tàbí tí bátìrì tí ó kún bá tán níbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ti parí nìyẹn. Kò sí ìgò kankan lẹ́bàá títì tí ó lè gba irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ là.

Ọ̀nà sì jìn. Láti Pobè dé Àjàṣẹ́ lé ní 50 kìlómítà, Sakété sì wà ní nǹkan bí agbedeméjì. Bí ó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ ni ibi ìpààrọ̀ tí ó sún mọ́ awakọ̀ Pobè jù lọ, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lé ní 100 kìlómítà, kí ó tó gbé èrò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ bátìrì alùpùpù kò lè rin ìyẹn láìgba iná. Àwọn àgbà ìlú rántí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobè. Wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀ kí èrò tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ọkọ̀ oníná rí: kí ibùdó ṣáájú, kí ọkọ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó dunni jù lọ ni pé iná kò jìnnà sí agbègbè yìí. Láti ọdún 2007 ni wáyà agbára ńlá tí ó ru 330 kilovolt ti ń gbé iná láti Ìkẹjà ní Nàìjíríà wá sí Sakété, kí wọ́n tó pín in lọ sí ibòmíràn ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Àgbẹ̀ tí ń roko lábẹ́ òpó irin wọ̀nyí ń wo agbára tí ó ń kọjá lórí rẹ̀, nígbà tí fìtílà ṣì ń tàn nínú ilé rẹ̀. Odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé, òùngbẹ sì ń gbẹ onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣòro òtòṣì nìkan ni. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tí ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alápapọ̀ kò rí ibi fi iná sí ọkọ̀ wọn. Láti ọdún 2010 ni òfin ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, àti ayálégbé pàápàá, ní ẹ̀tọ́ láti fa iná dé ibi tí ọkọ̀ wọn ń sùn. Owó ara rẹ̀ ni onítọ̀hún yóò fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn onílé kò lè kọ̀ fún un láìní ìdí pàtàkì. Ní Nọ́wè, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní ọdún 2024 ni ó jẹ́ oníná. Níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin gba àwọn tí ń gbé ilé alápapọ̀ láyè láti ní ibi ìfináṣí. Bí ilẹ̀ olówó bá nílò òfin kí ọkọ̀ oníná tó lè rí ibi sùn, báwo ni Pobè yóò ṣe fi í sílẹ̀ fún oríire ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Oòrùn náà lè ràn wá lọ́wọ́. Páńẹ́lì kan tí ó jẹ́ 400 watt lè mú nǹkan bí ẹyọ kan àbọ̀ sí méjì wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Páńẹ́lì méjì tó fún bátìrì alùpùpù kan. Àmọ́ páńẹ́lì mẹ́wàá ni ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń fẹ́ kí ó tó lè rin 100 kìlómítà lójúmọ́, ní àsìkò òjò kò sì ní tó. Agbára ẹnì kan kò ká èyí, ṣùgbọ́n agbára ẹgbẹ́ ká a. Bí àwọn awakọ̀ sémíjàn bá lè dá owó àjọ láti ra alùpùpù, wọ́n lè dá a láti ní ibi ìfináṣí tiwọn pẹ̀lú, lórí ilẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ bá fún wọn ní ibùdókọ̀ tàbí lẹ́bàá ọjà.

Iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Pobè àti ti Sakété bi ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ oníná níbẹ̀ pé: ibi ìfináṣí mélòó ni ẹ ó ṣí, níbo, àti nígbà wo? Kí SBEE, tí ń pín iná, mú kí ó rọrùn fún ayálégbé láti ní mítà tirẹ̀. Kí onílé má ka ayálégbé tí ó ní ọkọ̀ oníná sí ọ̀tá. Kí wọ́n jọ kọ àdéhùn sílẹ̀.

Olùrà náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ ìwé tí kò kà. Kí ó wá nínú ìwé àdéhùn náà ẹni tí ó ni bátìrì, iye tí ìpààrọ̀ kan jẹ́, ẹni tí ó lè fi kún iye náà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gbèsè rẹ̀ bí ibi ìpààrọ̀ bá kógbá sílé. Gbèsè alùpùpù kì í dúró de bátìrì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gba á, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn.

Ọkọ̀ oníná yóò dé Pobè àti Sakété bópẹ́ bóyá. Kí ó bá iná nílé nígbà tí ó bá dé.