Ta Ló Ní Kò Sí Nǹkan ní Ọ̀tà?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹnì kan á ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston balẹ̀ sí Ìkẹjà ní ìdájí, bàálù tí yóò gbé e lọ sí Àbújá tàbí Port Harcourt kò ní í gbéra títí di ìrọ̀lẹ́. Á béèrè ohun tó lè fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ṣe. Ìdáhùn kan náà ni wọn á fún un: kó jókòó jẹ́jẹ́ sí pápákọ̀ òfurufú, bí ara rẹ̀ kò bá sì gbà á, kó lọ sí Lekki. Bí ó bá dárúkọ Ọ̀tà, ẹ̀rín ni wọn á fi dá a lóhùn. "Kí lo fẹ́ lọ wò ní Ọ̀tà? Kọ́ńpìnnì nìkan ló wà níbẹ̀, kọ́ńpìnnì àti gosilóò." Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n bí sí Ọ̀tà gan-an, ó sì dùn mí wọ eegun. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí nìyẹn.

Wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Mo gbà pé ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ti ba ọkọ̀ jẹ́, ó sì ti ba ènìyàn nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà? Ẹni tó ní kí àlejò gba afárá Third Mainland lọ sí Lekki láàárọ̀ ọjọ́ Ajé! Sango, ẹnu ọ̀nà Ọ̀tà, sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú ju Lekki lọ. Nǹkan bí kìlómítà 20 péré ni. Láàárọ̀, inú Èkó ni gbogbo ayé ń rọ́ wọ̀, láti Sango, láti Ìjókò, láti Alákukọ. Ẹni tó bá jáde ní Ìkẹjà sí Ọ̀tà ní agogo méje kò bá wọn du ọ̀nà, òdìkejì ló ń lọ. Ẹni tó forí lé Lekki ló ń bá èrò náà há. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láàárín Oyíngbó àti Àgbádó. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Ìkẹjà tó sì sọ̀ ní Àgbádó, Sango kò jìnnà sí i mọ́.

Wọ́n ní ìlú àjẹ́ ni. Ẹ̀gàn gbáà ni èyí: ìlú tó ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ àwọn ìyá wa sí, eré tí UNESCO kà mọ́ ogún ìran aráyé ní 2001, òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àlejò. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì ló sọ ọ́ di ìlú. Irọ́ ni. Àwọn Àwórì ti ní ọba wọn, Ọlọ́tà, kí Ẹ̀gbá tó gbógun tì wọ́n ní 1842, James White ọmọ Sàró sì ti ń wàásù níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1850.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "kọ́ńpìnnì nìkan" yẹn. Nìkan kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká tú àpótí àlejò tó jókòó sí Ìkẹjà wò. Bí ìdána àbúrò rẹ̀ ló ń lọ ṣe, ọtí Seaman's wà nínú ẹrù náà. Ìgò tí àwọn àgbà ń gbé sókè ṣàdúrà níbi ìkómọ, níbi ìwúyè, nígbà tí ẹbí bá ń ta ilẹ̀, láti Ọ̀yọ́ títí dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, Sango-Ọ̀tà ni Nigeria Distilleries ti ń rọ ọ́. Indomie tí àwọn ọmọ ń sunkún tọrọ, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà lẹ́bàá títì Abẹ́òkúta, ní Sango níbẹ̀. Ọ̀tà ni Fidson àti May & Baker ti ń po oògùn. Ọ̀tà ni Honda ti ń to alùpùpù. Ohun tí a ń jẹ, tí a ń mu, tí a fi ń wo ara wa sàn, tí a fi ń gbàdúrà, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ ènìyàn ti ń ṣe é, ẹ wá ní kò sí nǹkan!

Ilẹ̀ oko àwọn ẹbí Àwórì ni gbogbo ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dúró sí. Èkó ti kún, ilẹ̀ rẹ̀ ti wọ́n. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ó sì ń wá ẹni tí yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tún nìyẹn, tó gba inú Ọ̀tà kọjá lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Ìdí nìyẹn tí kọ́ńpìnnì fi ya wá síbẹ̀. Bí tírélà bá kó ẹrù jáde tán, orúkọ Èkó ni wọ́n ń pè mọ́ ọn. Ọ̀tà ló ń mí èéfín, Ọ̀tà ni tírélà ń ba títì rẹ̀ jẹ́, Èkó ló ń gba ìyìn. A tún ń bá wọn fi Ọ̀tà ṣe yẹ̀yẹ́!

Wọ́n á ní sekúríti kò ní í jẹ́ kí àlejò wọ inú ọgbà kọ́ńpìnnì. Mo mọ̀. Ẹ dúró sẹ́nu géètì ní wákàtí tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ń jáde, tí àwọn ti àárọ̀ ń wọlé. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún wọn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti dáná. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó wá dúró bóyá wọ́n lè gbà wọ́n sí kásúwà lọ́jọ́ náà, òmíràn nínú wọn ti gba dìgírì. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fi wákàtí kan ṣe èyí yóò mọ ohun tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń dìde láàárọ̀. Kí ni Lekki fẹ́ fi hàn án? Bọ́gà tó lè jẹ ní Houston!

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí náà ló ń sanwó wọ Guinness Storehouse ní Dublin, tí wọ́n ṣí ní 2000, láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń pọn bíà. Wọ́n ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ní Wolfsburg ní Jámánì, Volkswagen kọ́ odidi ọgbà ńlá fún àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró pẹ́ ní Istanbul, Turkish Airlines a máa kó wọn yí ìlú ká lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì dé ilé ròyìn. Iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó ni ó yẹ ní wíwò, iṣẹ́ ọwọ́ tiwa di ìdọ̀tí ojú títì. Ojú ẹrú ni wọ́n fi ń wo ara wọn, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè jáde ní pápákọ̀ òfurufú láìgba físà, ìlànà 1979 ti fún àwọn ọmọ ECOWAS ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ará òkèèrè mìíràn ní láti gba físà kó tó wá. Kí wákàtí tó wà nílẹ̀ tó mẹ́jọ. Ẹ tètè jáde, ẹ háyà ọkọ̀ tí yóò dúró dè yín, kọ́ńpìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹ wọ inú Ọ̀tà gan-an, nítorí abẹ́ afárá Sango kọ́ ni Ọ̀tà. Ẹ kí Ààfin Ọlọ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ wo Faith Tabernacle ní Canaanland, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1999, tó gba ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn lọ, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ló wà. Ẹ padà kó tó di agogo kan.

Ẹ̀yin olówó kọ́ńpìnnì, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odo/Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí àlejò lè wọlé wá wo bí wọ́n ṣe ń rọ ọtí àti bí wọ́n ṣe ń di oògùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kẹ́ ẹ sì san owó wákàtí náà fún wọn.