Pẹpẹ, Kèrègbè àti Òṣìṣẹ́ tó Farapa

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún òwe yìí ni pé tọmọdé tàgbà ló nílò ara wọn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún fara balẹ̀ wo bí àwọn àgbà ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Òwe náà kò pe ọwọ́ kankan ní aláìwúlò. Ibi tí a fẹ́ kí ọwọ́ dé ni ó fi wọ̀n ọ́n, nítorí ọwọ́ tó kúrú fún pẹpẹ ni ẹnu kèrègbè gbà, èyí tí ẹnu kèrègbè kò gbà ni ó sì ń gbé ẹrù sórí pẹpẹ. Ẹni tí yóò pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ bí ọwọ́ ṣe rí, kí ó sì mọ bí pẹpẹ ṣe ga tó. Ìmọ̀ méjì yìí ni ẹ̀kọ́ àwọn alákòóso ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ dá lé, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ yàn láti máa ran òṣìṣẹ́ tó farapa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, òfin ló fi ipò yìí lélẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ South Australia, òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan alákòóso kan; ti ìpínlẹ̀ Victoria, èyí tí wọ́n ṣe ní 2013, sì béèrè pé kí ẹni náà wà ní ipò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi lè múlẹ̀, kí ó sì kún ojú ìwọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú ni pé ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àwọn dókítà ìlera òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ti ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún 20 ọjọ́, ìrètí pé yóò padà jẹ́ 70 nínú 100. Bí ó bá di 45 ọjọ́, ìrètí náà wá sí 50. Bí ó bá pé 70 ọjọ́, ó di 35. Egbò lè máa jiná ní gbogbo àkókò yẹn, kí ọkàn ẹni tó ni ín sì máa jìnnà sí ibi iṣẹ́.

Bí a bá mú òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan tí èjìká rẹ̀ yẹ̀, ìwé dókítà lè sọ pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju kílò 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ kọjá èjìká. Ọ̀gá tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí yóò ka ìwé náà, yóò rántí àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50, yóò sì ní kí ó lọ jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi le pátápátá. Pẹpẹ tí ọwọ́ náà kò tó ni ìwé yẹn dárúkọ. Kò sọ ohunkóhun nípa kèrègbè. Alákòóso tó kọ́ṣẹ́ yóò wọ ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun lọ, yóò fojú ara rẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yóò sì tú iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: ta ló ń wọn ìyẹ̀fun, ta ló ń ṣọ́ ààrò, ta ló ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ta ló ń kọ iye tó jáde sílẹ̀? Inú wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni yóò ti ṣa èyí tí ọwọ́ tó kù lè ṣe, yóò fi han dókítà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Èyí ni à ń pè ní ètò ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, tí a ó máa fi kún un bí agbára ṣe ń padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi, nítorí pé kí a fi ènìyàn sí kọ̀rọ̀ kan láti máa ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè jẹ́ ìtìjú, ìtìjú sì lè lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́ ju ìrora lọ.

Èyí tó ṣòro jù láti kọ́ ni ìfọkàntán. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó alákòóso, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ tó farapa ló gbọ́dọ̀ finú hàn án, ó sì gbọ́dọ̀ dá a lójú pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí ó lè ṣe láì gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ̀. Ní Kánádà, wọ́n wá ojútùú sí i nípa bí wọ́n ṣe dá àjọ NIDMAR sílẹ̀ ní 1994, tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Wolfgang Zimmermann, ẹni tí ìjàm̀bá iṣẹ́ igbó gẹdú gba agbára ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1977, ni ó darí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń mójú tó, ń gba owó tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìmúbọ̀sípò, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ tí yóò jẹ́ kí ẹni tó farapa tún lè ṣiṣẹ́. Àyè yẹn kò lè rìn wọ inú iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni yóò gbé e wọlé. Ẹni tí a bá fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ yìí ní Ọ̀tà tàbí Ìkẹjà gbọ́dọ̀ lè bi òṣìṣẹ́ léèrè ìrora rẹ̀ ní èdè tí ó fi ń rora, kí ó sì mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ ojúmọ́ fi ń fi aṣọ bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti dúró lẹ́nu géètì láti gba ipò òun. Òfin 2010 náà ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́ mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò, nítorí náà orúkọ irú wọn ni ó yẹ kí alákòóso kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó farapa.