Ọjọ́ Ìsinmi Kì í Ṣe Ọjọ́ Ọ̀lẹ

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa eré ìdárayá lójú ìwé yìí, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń jí sáré láàárọ̀, àwọn ìyá ìjọ pàápàá ti ra bàtà kánfáàsì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ ń bi mí ṣáá, lẹ́yìn ìsìn àti nínú lẹ́tà: "Pásítọ̀, bí mo bá fi ọjọ́ kan sinmi ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé mo ti ń fà sẹ́yìn nìyẹn?"

Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ. Àwa onígbàgbọ́ tún wá fi tiwa kún un: a ti kọ́ ara wa pé ohun tó bá dára, ojoojúmọ́ ni kí á máa ṣe é, bí àdúrà, bí Bíbélì kíkà. Nítorí náà, ẹni tó bá pinnu láti máa sáré á fẹ́ sá a ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ tí kò bá sì jáde, ọkàn rẹ̀ á máa dá a lẹ́bi bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Fóònù òde òní kò tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, bí ènìyàn bá sì jókòó sílé lọ́jọ́ kan, á máa dún pé a ti já okùn. Ẹ jẹ́ kó máa dún.

Ohun tí ẹ̀kọ́ nípa ara fi hàn wá ni pé kì í ṣe ìgbà tí a ń sáré lọ́wọ́ ni ara ń lágbára sí i. Ìgbà tí a bá sinmi ni. Bí a bá gbé nǹkan wúwo, tàbí tí a sáré ju bí ó ti mọ́ wa lára, àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú iṣan máa ń ya díẹ̀díẹ̀. Èyí kò léwu, bí ó ṣe yẹ kó rí ni. Agbára tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ náà á dínkù. Lẹ́yìn tí a bá dúró ni àtúnṣe á wá bẹ̀rẹ̀: ara á mú èròjà amúaradàgbà tí a jẹ nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹran, á fi dí ibi tó ya, á sì jẹ́ kó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má bàa bá a lójijì mọ́. Agbára tó dínkù lè gbà tó wákàtí 24 kó tó kún padà. Iṣan tí a fi gbé irin wúwo lè gba wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń ro ènìyàn jù ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kì í ṣe ní ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé rí á yé kíákíá. Wọn kì í mọ ògiri láti ìpìlẹ̀ dé òkè lọ́jọ́ kan. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí kò bá lè dúró, tó bá ń gbé amọ̀ tútù lé amọ̀ tútù, ìpele kìn-ín-ní ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó tún lọ́ra ju iṣan lọ ni eegun, àti àwọn okùn líle tó so iṣan mọ́ eegun, bí irú èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, èémí ẹni tó ń sáré á ti já gaara, á máa rò pé òun ti padà di ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò tíì dé orúnkún. Arákùnrin kan tí mo mọ̀, bíríkìlà ni, ẹni ọdún 46. Dókítà ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sáré lójoojúmọ́ lórí títì olọ́dà, títí kan àárọ̀ Àbámẹ́ta tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ìṣọ́ òru. Ojúgun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó ní Sátánì ló fẹ́ dá òun dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, fọ́tò tí wọ́n yà nílé ìwòsàn fi hàn pé eegun ojúgun náà ti sán. Oṣù méjì ni kò fi lè gun àkàbà, ẹ sì mọ ohun tí oṣù méjì láìgun àkàbà jẹ́ fún ìdílé bíríkìlà. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ san, ẹ̀rù kò jẹ́ kó padà sídìí eré ìdárayá mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Àwọn tó mọ eré sá jù láyé náà mọ̀ pé bí ó ṣe rí nìyí. Roger Bannister jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, kò tíì sí ẹni tó sá máìlì kan ní ìwọ̀n tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwọn mìíràn sì ń sọ pé agbára ọmọ ènìyàn kò lè gbé e. Bannister pinnu láti ṣe é. Bí ó ṣe ń múra ni pé yóò sá ìdámẹ́rin máìlì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò sì sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù lẹ́yìn oṣù, ó ń já àkókò rẹ̀ wálẹ̀, títí ó fi dé ìṣẹ́jú àáyá 61 ní oṣù kẹrin ọdún 1954. Ibẹ̀ ló há sí. Gbogbo ipá tó sà láti dín in sí 60, pàbó ló já sí.

Ẹlòmíràn ìbá sọ iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì. Bannister àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chris Brasher wọ mọ́tò lọ sí ilẹ̀ Scotland, wọ́n lọ ń gun òkè àpáta fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pa eré sísá tì. Nígbà tí wọ́n padà dé tí wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀, 59 ni. Nígbà tí ìdíje sì kù dẹ̀dẹ̀, ó tún fi ọjọ́ márùn-ún sinmi pátápátá. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1954, ní pápá Iffley Road ní ìlú Oxford, ó sá máìlì náà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.4. Òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Pásítọ̀, ṣé gígun àpáta náà ni ẹ ń pè ní ìsinmi?" Ẹ ṣeun. Ọjọ́ ìsinmi kò ní kó jẹ́ ọjọ́ ìdùbúlẹ̀ lórí àga. Iṣẹ́ kan náà tó ti sú ara àti ọkàn ni a ń yà kúrò nídìí rẹ̀. Bí a bá rìn jẹ́jẹ́ yí àdúgbò ká lọ́jọ́ náà, tí a na apá na ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ káàkiri ara, ara ríro náà á sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí oorun gan-an ni ara ń béèrè. Ẹ rántí Èlíjà, ẹni tó sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé Jésírẹ́ẹ̀lì. Nínú orí tó tẹ̀lé e, àárẹ̀ ti mú un débi pé ó ń tọrọ ikú. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò kọ́kọ́ wàásù fún un o. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kó padà sùn, ó sì tún jí i kó tún jẹun.

Báwo ni kí á wá ṣe é? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó ṣe é lọ́jọ́ kan, kó sinmi lọ́jọ́ kejì: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì, ó tó. Ẹni tó ti mọ́ lára lè ṣe é lọ́jọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó ṣáà má fi ọjọ́ tó le tẹ̀lé ọjọ́ tó le. Ìrìn lásán yàtọ̀. A lè rìn lójoojúmọ́. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré bí ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ti pé 150, ọjọ́ méjì sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Àwa tí a ti lé ní 50 ọdún, ara wa kì í tètè ṣe àtúnṣe bíi ti àwọn ọmọ wa, nítorí náà kí á má bá wọn du ọjọ́. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni mo fẹ́ kì nílọ̀ ní ìdà kejì: ẹ má jẹ́ kí ìsinmi yín ju ọjọ́ méjì léraléra lọ, nítorí iṣẹ́ tí eré ń ṣe lórí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Àárọ̀ tó tẹ̀lé ìṣọ́ òru, ẹ sùn. Ọjọ́ ààwẹ̀, ẹ má sáré nínú oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣínu. Bí ara bá gbóná nítorí ibà, eré ìdárayá parí títí ara yóò fi yá. Ẹni tó jẹ́ AS kò ní àìsàn, ó lè sáré, ṣùgbọ́n kó máa mu omi dáadáa, kó sì dúró ní kété tí ara bá ní kó dúró. Sáré-pa-ara nínú ooru ti gbé irú wọn ṣubú rí.

Ara a máa sọ̀rọ̀ kó tó wó. Ẹ máa ka bí ọkàn ṣe ń lù ní ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn. Bí ẹ bá ti mọ iye tó máa ń jẹ́, tí ẹ wá rí i lọ́jọ́ kan pé ó ti fi nǹkan bí 10 lé, tí ẹsẹ̀ sì wúwo, ọjọ́ ìsinmi nìyẹn, ohun yòówù kí ìwé ètò yín wí. Àìróorunsùn, ìbínú òjijì sí ará ilé, oúnjẹ tí kò wu ni í jẹ, òtútù tó ń dá wá lemọ́lemọ́, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun ni, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coca-Cola lẹ́yìn eré tó le, ẹ má dúró sílé pé ẹ ń sinmi. Irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ pé iṣan ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ku ìbéèrè arábìnrin kan tó ń ta ata. Ó ní òun ń gbé apẹ̀rẹ̀ sókè sódò lọ́jà lọ́jọ́ mẹ́fà, ṣé kí òun tún wá sáré ni? Rárá o, ìyá. Iṣan kò mọ ìyàtọ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ata àti irin tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé. Ọjọ́ ọjà yín ti jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ìrìn wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti tó yín. Ìsinmi ni tiyín kò pé, nítorí mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn: ó ń pọn omi, ó ń fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ó ń gún iyán. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń sáré láàárọ̀, ó sì ti yan Àìkú ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ẹ̀yin arákùnrin, korobá omi mẹ́ta láti ìdí kànga kò lè ba ọjọ́ ìsinmi yín jẹ́. Ẹsẹ̀ tó ti sáré láti ọjọ́ Ajé á tilẹ̀ fẹ́ ìrìn náà.

Ní oṣù tó ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ Rẹ̀ sẹ́yìn, a ó sọ̀rọ̀ nípa irú bàtà tó yẹ fún títì olọ́dà.