Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gun Òkè Agou, Ṣùgbọ́n Ẹ Bi Ọ̀gá Wọn Léèrè

 

Ìyá kan tó ń ta píà, èyí tí wọ́n ń pè ní avoká níbí, ló dá mi dúró lọ́jà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ Scout. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ gun òkè Agou ní Sátidé kan, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Ìyá ní, "Àǹtí, oko ni bàbá mi sá fún tó fi wá sí Lomé. Èmi á wá tún sanwó kí ọmọ mi lọ wọ igbó? Ní Sátidé tí ọjà ń yá?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀, ọmọ tó ń bá a gbé igbá kò sì ní sí nílé. Mo kàn bi í pé: nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ lọ́dún tó kọjá, ta ló béèrè ẹni tí yóò gbé igbá? Kò dá mi lóhùn.

Èrò tèmi ni pé kí ọmọ náà lọ. Ilẹ̀ Lomé tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn etí òkun ni. Ọmọ lè dàgbà níbí kó má mọ òkè àfi nínú ìwé. Agou ló ga jù ní gbogbo Togo, mítà 986, nítòsí Kpalimé, ìlú tó tó nǹkan bí 120 kìlómítà sí wa. Ọdún 1907 ni àwọn Jámánì parí ojú irin láti Lomé dé Kpalimé, kí wọ́n lè máa kó èrè oko wá sí etí òkun. Ọdún yẹn gan-an ni Baden-Powell kó nǹkan bí ọmọkùnrin 20 lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni Scout ti bẹ̀rẹ̀.

Píà ń hù dáadáa lápá Agou, àti kọfí, àti kòkó. Ọmọ tó bá fojú rí igi píà, tó rí bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lójú ọ̀nà nígbà òjò, yóò mọ ìdí tí ọjà fi ń wọ́n. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya orísun odò fún ọmọ iléèwé títí ọwọ́ fi ro mí. Odò kan ṣoṣo tí wọ́n bá fojú rí ju gbogbo ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀gá wọn léèrè o! Omi ńkọ́? Mo ti bá àwọn ọmọ kan gun òkè rí, omi tán ká tó dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn méjì mu omi odò, ìgbẹ́ gbuuru ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé omi tirẹ̀, kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Kí wọ́n tètè gòkè láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ààrá, kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sá sábẹ́ igi.

Ejò ńkọ́? Bó bá bu ọmọ jẹ, ẹ má fi abẹ fín in, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Kí ọmọ má rìn mọ́. Kí wọ́n fi igi àti aṣọ mú ẹsẹ̀ náà dúró, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ilé ìwòsàn wo? Ṣé ọ̀gá ti pè wọ́n ṣáájú, bóyá oògùn oró ejò wà? Ọkọ̀ wo ló ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀?

Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ má fọmọ yín lé e lọ́wọ́.

Ìyá yẹn ní òun á béèrè. Ó ní bí ọmọ bá máa lọ, kó bá òun wádìí iye tí wọ́n ń ta píà lọ́hùn-ún. Mo ní ìyẹn náà dáa.